Ọ̀rẹ́ Ni Tàbí Ìpolongo? Ohun Tí Ìtàn Togo Lè Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kan àwọn ọmọ yín tí wọ́n wà ní kọ́lẹ́jì àti ní lísè, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó sì kan ẹ̀yin fúnra yín, nítorí pé ẹ ti ń kàwé báyìí.

Bí ọmọ bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ó lè bi ìyá rẹ̀ léèrè pé: "Ìyá mi, ṣé àwọn Jámánì ṣe wá lóore ni, àbí wọ́n fìyà jẹ wá? Ohun tí ìwé wa sọ yàtọ̀ sí ohun tí bàbá àgbà sọ." Kí ni ìyá yóò fi dá a lóhùn? Bí ó bá ní, "Gba ohun tí ìwé wí," ó lè jẹ́ pé ìwé fi nǹkan pamọ́. Bí ó bá ní, "Gba ohun tí bàbá àgbà wí," bàbá àgbà náà lè ti gbàgbé nǹkan. Ọ̀nà kẹta wà. Òun ni a fẹ́ fi hàn yín, láti inú ìtàn ilẹ̀ Togo wa yìí.

ỌRỌ̀ MÉJÌ TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀

Ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní ni fífi àṣà wá ọ̀rẹ́. Orílẹ̀-èdè kan lè rán olórin, olùkọ́, ìwé tàbí àwòrán lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, kí àwọn ará ibẹ̀ lè mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ibọn níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ìdílé kan gbé oúnjẹ lọ sí ilé àna wọn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ìpolongo, tí àwọn olùkọ́ ń pè ní propagáńdà. Èyí ni ọ̀rọ̀, àwòrán, orin tàbí ayẹyẹ tí alágbára kan tò jọ, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè máa ro ohun tí ó fẹ́ kí wọ́n rò, kí wọ́n má sì béèrè ohunkóhun.

Ó ṣòro láti mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin tí ń ta ẹ̀wà kì í kígbe pé ẹ̀wà òun ní kòkòrò. Èyí tó dára ni yóò kó sí òkè igbá. Kò tíì purọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹ̀wà tó wà lókè dára ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́n yóò ki ọwọ́ bọ igbá náà, yóò bù láti ìsàlẹ̀, yóò sì wò ó. Ohun tí ẹ̀kọ́ ìtàn ń kọ́ ọmọ nìyẹn: kí ó máa bù láti ìsàlẹ̀ igbá.

ÌWÉ TÍ WỌ́N KỌ NÍ BAGUIDA

Ní ọdún 1884, ọkọ̀ ojú omi ogun Jámánì kan tí ń jẹ́ Möwe gúnlẹ̀ sí etí òkun wa. Dókítà Gustav Nachtigal ni ó wà nínú rẹ̀ láti ṣojú ọba Jámánì. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún náà, ní Baguida, tí kò jìnnà sí Lomé, wọ́n ṣe ìwé àdéhùn kan. Ọba Mlapa ti ìlú Togo ni ìwé náà dárúkọ. Ìlú kékeré ni Togo ìgbà náà, ní etí ọ̀sà. Òun ni à ń pè ní Togoville lónìí. Ọba fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó tọwọ́ bọ ìwé náà. Ẹni tí ń gbé ọ̀pá rẹ̀, tí ń jẹ́ Plakkoo, ni ó dúró fún un.

Kí ni ìwé náà sọ? Ó sọ pé ọba ń fẹ́ ààbò ọba Jámánì, kí òwò lè máa lọ déédéé. Ó tún sọ pé ọba kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ rẹ̀ fún ìjọba òkèèrè mìíràn láìjẹ́ pé Jámánì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ni, bí ènìyàn bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ìwé náà kò kọjá ọ̀rọ̀ etí òkun. Síbẹ̀, kí ọdún 1900 tó dé, Jámánì ti ń ṣàkóso ilẹ̀ tó lọ sókè ju 500 kìlómítà lọ, dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn tí kò gbọ́ orúkọ Mlapa rí. Orúkọ ìlú kékeré kan ni wọ́n sì fi pe gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ẹni tó gbé ọ̀pá ọba wá mọ ìtumọ̀ ọ̀pá. Ẹni tó kọ ìwé mọ ìtumọ̀ ìwé. Ọ̀pá ti padà sílé ní ọjọ́ náà. Ìwé ni ó kù, ìwé náà ni wọ́n sì ń gbé jáde títí di òní. Bí a kò bá lè ka ohun tí a tọwọ́ bọ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa kà á fún wa, bí ó bá sì ti wù ú ni yóò ṣe kà á.

ÀWỌN TÍ WỌ́N KÓ LỌ SÍ BERLIN

Ọdún 12 lẹ́yìn èyí, ní 1896, Jámánì ṣe ìfihàn ńlá kan ní Berlin, ní àdúgbò tí ń jẹ́ Treptow. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ará ìlú wọn mọ ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà ní òkèèrè. Wọ́n kọ́ abúlé síbẹ̀ bí èyí tó wà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n kó àwọn ènìyàn tó lé ní 100 wá láti Togo, Kamẹrúùnù àti àwọn ilẹ̀ mìíràn, kí wọ́n máa gbé inú abúlé náà lójú àwọn òǹwòran. Wọ́n ń jó, wọ́n ń dáná, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ará Berlin sì ń sanwó láti wò wọ́n.

Ọmọ Aného kan tí ń jẹ́ Nayo Bruce ni ó ṣe olórí àwọn ará Togo níbẹ̀. Kì í ṣe okùn ni wọ́n fi fà á lọ. Iṣẹ́ ni ó gbà, lẹ́yìn náà ó sì kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ, ó ń kó wọn ká ilẹ̀ Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òmùgọ̀ ni àwọn ènìyàn wa. Ṣùgbọ́n ta ní sọ irú aṣọ tí wọn yóò wọ̀? Ta ní kọ abúlé náà? Ta ní sọ ohun tí àwọn òǹwòran yóò gbà pé Áfíríkà jẹ́? Kì í ṣe àwọn tí wọ́n ń wò.

Ọkùnrin Kamẹrúùnù kan wà láàárín wọn tí ń jẹ́ Kwelle Ndumbe. Ó kọ̀, kò wọ irú aṣọ tí wọ́n fẹ́ kí ó wọ̀. Ó lọ ra awò kan, irú èyí tí ń mú ohun òkèèrè wá sí ìtòsí. Bí àwọn ará Berlin ṣe ń wò ó, bẹ́ẹ̀ ni ó gbé awò sójú, tí òun náà ń wò wọ́n. Ní ọdún 2017, ilé ohun ìrántí tó wà ní Treptow ṣí ìfihàn tuntun kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ Jámánì kan tó túmọ̀ sí "a wò wọ́n padà." Láti ara ohun tí ọkùnrin yìí ṣe ni orúkọ náà ti wá. Ẹ má gbàgbé rẹ̀, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

"ILẸ̀ ÀPẸẸRẸ"

Jámánì ní orúkọ dídùn kan fún Togo. Wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ àpẹẹrẹ láàárín gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Wọ́n ní owó tí Togo ń pa tó láti fi ṣàkóso rẹ̀, kò sì ná Berlin ní nǹkan púpọ̀. Wọ́n ní ẹ wo afárá tó wọ inú òkun ní Lomé ní ọdún 1904, tí ọkọ̀ fi ń já ẹrù. Ẹ wo ọkọ̀ ojú irin tó lọ sí Aného ní 1905, èyí tó lọ sí Kpalimé ní 1907, àti èyí tó lọ sí apá Atakpamé lẹ́yìn náà. Ẹ wo ilé gómìnà ní etí òkun.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀wà òkè igbá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a bù láti ìsàlẹ̀.

Ta ní la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin náà? Àwọn bàbá wa ni. Òfin Jámánì ti ọdún 1907 sọ pé kí àgbàlagbà ọkùnrin kọ̀ọ̀kan fi ọjọ́ 12 ṣiṣẹ́ fún ìjọba lọ́dọọdún, tàbí kí ó san owó dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀, ìlànà wọn gbà kí wọ́n nà án ní ẹgba 25 lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tún máa ń fi ẹ̀wọ̀n irin so àwọn ẹlẹ́wọ̀n pọ̀.

Báwo ni a ṣe mọ̀? Ìwé mìíràn wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1913, mínísítà Jámánì tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wà ní ọwọ́ rẹ̀, Wilhelm Solf, wá sí Lomé. Àwọn ọlọ́jà àti àwọn ènìyàn pàtàkì ìlú, tí Octaviano Olympio jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí i. Wọ́n ní kí ìdájọ́ dára sí i. Wọ́n ní kí wọ́n mú pàṣán àti ẹ̀wọ̀n irin kúrò. Wọ́n ní kí owó-orí dínkù, kí ọmọ ilẹ̀ sì wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba.

Bí a bá gbé ìwé Berlin àti ìwé Lomé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé ìwé Berlin ń ka ọkọ̀ ojú irin, ìwé Lomé sì ń ka ẹgba. Àwọn àgbà ní àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà. Ọmọ tó bá ka ìwé kan ṣoṣo ti di onídàájọ́ bẹ́ẹ̀.

BÍ ỌRỌ̀ ṢE YÍ PADÀ LẸ́YÌN OGUN

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní agbègbè Atakpamé, ẹ mọ Kamina. Níbẹ̀ ni Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ rédíò ńlá kan sí, kí Lomé àti Berlin lè máa gbọ́ ara wọn. Ọ̀nà náà lé ní 5,000 kìlómítà, kò sì sí wáyà láàárín. Wọn kò tíì lò ó pẹ́ rárá tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọlé láti Gold Coast, Faransé wọlé láti Dahomey. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù náà, àwọn Jámánì fúnra wọn wó ilé rédíò náà kí ó má baà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá. Ní ọjọ́ 26 wọ́n túúbá. Àwókù rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1922, Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-Èdè tó wà ní Geneva fi àṣẹ sí i pé kí wọ́n máa bójú tó o. Lomé bọ́ sí ọwọ́ Faransé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn tó ṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ìkà ni Jámánì, kò yẹ kí ilẹ̀ padà sí ọwọ́ wọn láé. Ohun tí wọ́n sọ nípa pàṣán jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹ̀yìn bàbá wa tó ń ro wọ́n ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ dá ilẹ̀ dúró ni. Ní òdìkejì, àwọn ọmọ Togo kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Accra, wọ́n ń kọ ìwé sí Geneva pé kí Jámánì padà wá. Nínú wọn ni àwọn tó ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé lábẹ́ Jámánì wà. Owó-orí Faransé ti mú kí àwọn ènìyàn gbàgbé ẹgba Jámánì.

Nítorí náà, bí bàbá àgbà kan bá yin ìjọba Jámánì, tí èkejì sì bú u, kò di dandan pé ọ̀kan nínú wọn ń purọ́. Ẹ béèrè ìgbà tí ó ń sọ nípa rẹ̀, àti ohun tó fi ń wé e.

PARIS NÍ 1931, LOMÉ NÍ 1933

Faransé náà ṣe ìfihàn tiwọn. Ní ọdún 1931, wọ́n ṣe é ní Vincennes, ní Paris, ó tóbi ju ti Berlin lọ fíìfíì. Ó tó mílíọ̀nù 33 tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà. Wọ́n kọ́ ilé kan fún Togo àti Kamẹrúùnù níbẹ̀. Ohun tí ìfihàn náà fẹ́ kí òǹwòran gbà ni pé inú àwọn tí Faransé ń ṣàkóso dùn, wọ́n sì ń dàgbà lábẹ́ ìyá rere.

Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí Lomé dáhùn. Òwò ti dẹnu kọlẹ̀ ní gbogbo ayé ní ìgbà náà, síbẹ̀ Gómìnà Robert de Guise fi owó-orí tuntun lé ti tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Duawo sọ pé ìlú kò lè san án. Ní ọjọ́ 24 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1933, wọ́n mú méjì nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà, Kodjo Agboka àti Michel Garthey, wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Àwọn ìyálọ́jà Lomé gbọ́. Wọ́n pa ọjà tì, wọ́n tú jáde, wọ́n lọ yí ọ́fíìsì ìjọba ká pé kí wọ́n dá àwọn ènìyàn náà sílẹ̀. Wọ́n dá wọn sílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì fa owó-orí tuntun náà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìjọba kó sójà wá láti Côte d'Ivoire. Ní oṣù kejì ọdún náà, ìbọn dún ní Lomé, àwọn ènìyàn kú.

Ẹ wò ó bí àwọn obìnrin tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé ṣe dáhùn ilé ńlá tí wọ́n kọ́ ní Paris. Ọmọ tó bá rí àwòrán ilé 1931 nínú ìwé, ẹ sọ fún un pé kí ó ṣí i dé 1933.

ẸGBẸ́ TÍ Ó YÍ ORÚKỌ LÓWỌ́ ẸNI TÍ Ó DÁ A

Ṣáájú ogun àgbáyé kejì, Hitler ti ń béèrè pé kí wọ́n dá àwọn ilẹ̀ Jámánì padà. Ẹ̀rù ń ba Faransé pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wọ etí àwọn ará Togo. Gómìnà Montagné fẹ́ kí ẹgbẹ́ kan wà tí yóò kó àwọn ènìyàn pàtàkì jọ, tí yóò sì sọ wọ́n di ọ̀rẹ́ Faransé. Láti inú ètò yìí ni ẹgbẹ́ tí à ń pè ní CUT ti jáde ní ọdún 1941. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ fún ìṣọ̀kan Togo.

Iṣẹ́ ìpolongo ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n àwọn tó wọ inú rẹ̀ ní èrò tiwọn. Lẹ́yìn ogun, ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí béèrè òmìnira. Sylvanus Olympio, ọ̀kan nínú àwọn olórí rẹ̀, lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1947, ó sì sọ̀rọ̀ níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1958, CUT borí nínú ìdìbò tí Àjọ náà bójú tó. Ọjọ́ náà pé ọdún méjì géérégé ni Togo gba òmìnira, ní 1960.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ẹni tó ń ṣe ìpolongo kọ́ ló ni ìparí rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lè gba ohun èlò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì fi ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Awò tí Kwelle Ndumbe rà ní Berlin, Berlin ni wọ́n ti ń tà á.

NÍNÚ ILÉ TIWA NÁÀ

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń ṣe ìpolongo. Bí a bá kọ́ ọmọ pé òyìnbó nìkan ni, ìpolongo ni àwa náà ń ṣe yẹn.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1974, ọkọ̀ òfuurufú tó gbé Ààrẹ Eyadéma já lulẹ̀ ní Sarakawa, ní apá Kara. Àwọn kan kú. Ààrẹ yè é, àwọn mìíràn tí wọ́n jọ wà nínú rẹ̀ sì yè pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì, ìjọba kéde pé iléeṣẹ́ tí ń wa fósífétì ti di ti Togo pátápátá. Wọ́n ní àwọn àjèjì tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ pa Ààrẹ. Láti ìgbà náà, ìtàn Sarakawa di ohun ńlá. Wọ́n kọ́ ibi ìrántí sí ibẹ̀. Wọ́n sọ òtẹ́ẹ̀lì gíga kan ní Lomé ní Ọjọ́ 2 Oṣù Kejì. Ní ọdún 1976, wọ́n tẹ ìwé alá­wòrán kan jáde nípa ayé Ààrẹ, èyí tó fi í hàn bí akọni tí ikú kò lè mú. Ní ọdún wọ̀nyẹn, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti òṣìṣẹ́ ń tò láti jó, láti kọrin ìyìn.

Ẹ tún bù láti ìsàlẹ̀ igbá. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ já. Òótọ́ ni pé fósífétì di tiwa. Ìpolongo tó lágbára jù lọ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Òótọ́ ni wọ́n máa ń fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, wọn yóò wá fi ohun tó kù sílẹ̀. Ní ọdún 1991, nígbà tí àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè jókòó ní Lomé láti oṣù keje títí dé oṣù kẹjọ, àwọn ènìyàn sọ ohun tí wọn kò lè sọ ní gbangba tẹ́lẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

ṢÉ KÍ A WÁ KỌ GBOGBO Ọ̀RẸ́ NI?

Rárá o. Ẹni tí ejò ti bù jẹ kò gbọdọ̀ torí ìyẹn kọ oko sílẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1975, orílẹ̀-èdè 46 láti Áfíríkà, Karíbíánì àti Pàsífíìkì, pẹ̀lú 9 láti Yúróòpù, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn òwò ní Lomé. Orúkọ Lomé di mímọ̀ ní gbogbo ayé nípa rẹ̀. Lónìí, Jámánì ní ilé àṣà tí ń jẹ́ Goethe-Institut ní Lomé, Faransé náà sì ní tirẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń lọ kọ́ èdè níbẹ̀, wọ́n ń ka ìwé, wọ́n ń wo eré. Ó dára. Àǹfààní wà níbẹ̀ fún ọmọ. Kí ó lọ, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ẹni tó pè é náà ní ohun tó ń wá.

Ní ọdún 1984, wọ́n ṣe àjọ̀dún 100 ọdún ọ̀rẹ́ láàárín Togo àti Jámánì. Láti ọjọ́ ìwé Baguida ni wọ́n ti ka ọdún náà. Olùkọ́ rere kì yóò sọ fún ọmọ pé àjọ̀dún náà burú. Yóò béèrè pé: nínú 100 ọdún náà, mélòó ni ọdún ọ̀rẹ́, mélòó sì ni ọdún pàṣán?

Ilé gómìnà tí Jámánì kọ́ sí etí òkun ní Lomé ṣì wà. Àwọn gómìnà Faransé gbé inú rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ọnà àti àṣà, wọ́n sì ń pè é ní Palais de Lomé. Ibi tí ará ìlú kò lè yọjú sí tẹ́lẹ̀, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè wọ ibẹ̀ lónìí, kí ó wo ilé náà dé kọ̀rọ̀.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE NÍ ILÉ

Ìbéèrè mẹ́rin ni kí ọmọ máa bi ìwé, àwòrán, orin, àti rédíò pẹ̀lú:

1. Ta ní ń sọ̀rọ̀?
2. Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀?
3. Kí ni ó fẹ́ kí ẹni náà gbà, tàbí kí ó ṣe?
4. Kí ni ó fi sílẹ̀ tí kò sọ?

Olùkọ́ lè pín kíláàsì sí méjì. Kí apá kan kọ ìwé ìkéde fún ìfihàn Berlin ti 1896. Kí apá kejì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ bí ti Lomé ní 1913. Kí wọ́n wá pààrọ̀ ìwé, kí apá kọ̀ọ̀kan fi ìbéèrè mẹ́rin yìí yẹ ti èkejì wò. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìpolongo lẹ́ẹ̀kan yóò mọ̀ ọ́n níbikíbi tí ó bá ti pàdé rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ tiyín wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè nípa ìgbà àtijọ́, ẹ má ṣe lé e. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá yín fún un, kí ẹ sì sọ ẹni tí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó mú ìwé rẹ̀ wá, kí ẹ jọ kà á. Bí ẹ bá ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìtìjú kò sí níbẹ̀. Plakkoo kò ní àǹfààní yẹn ní Baguida. Ẹ̀yin ní i.

Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí èyí nínú ẹgbẹ́ yín:

Iṣẹ́ wo ni àwọn àgbà abúlé yín sọ pé ìjọba Jámánì tàbí Faransé fi ipá mú wọn ṣe? Ọ̀nà tàbí ilé wo ló kù tí ẹ lè fi han àwọn ọmọ?

Ìkéde wo ni ẹ gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí? Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin náà. Ẹ bi ọ̀rọ̀ tiwa yìí pẹ̀lú.

Ó dìgbà kan ná o.